Ọgbà Àjàrà Àwọn Ará Switzerland Ní Amẹ́ríkà: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níwájú Ẹgbẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jìnnà sí ilẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ igi àjàrà ni, àti ti àwọn ènìyàn kan tí wọ́n kúrò ní ìlú wọn, tí wọ́n lọ gbìn ín ní ìlú onílùú. Kí àwọn ará wa tí í ṣe Mùsùlùmí má ṣe rò pé ọtí ni a wá polówó. Bí wọn kò bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ó wà nínú ìgò, kí wọ́n bá wa gbọ́ ti igi, àti ti ọwọ́ tí ó gbìn ín. Akọ̀wé ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. A ó gbìyànjú.

Ta ni nínú wa tí kò tíì gbé ohun ọ̀gbìn kan láti ilé wá sí ilẹ̀ Hausa yìí rí? Ewúro gbà fún wa, ó hù lẹ́yìnkùlé bí ẹni pé níbí ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Obì kọ̀. A bomi rin ín, a ta ibòòji bò ó, ó yọ ewé mẹ́ta, ọyẹ́ dé, ó kú. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí èyí yóò mọ ohun tí ó ṣe ọ̀gbẹ́ni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àfi pé tirẹ̀ kì í ṣe igi kan tàbí méjì. 10,000 igi ni.

Orúkọ rẹ̀ ni Jean Jacques Dufour. Wọ́n bí i ní 1763 ní agbègbè Vaud ní Switzerland, nítòsí ìlú Vevey, létí adágún omi ńlá kan. Iṣẹ́ àjàrà ni iṣẹ́ bàbá níbẹ̀, òun náà ni iṣẹ́ ọmọ. Lórí òkè tí ó dagun sí omi ni wọ́n ti ń gbìn ín, wọ́n fi òkúta mọ ògiri sí ẹsẹ̀ òkè kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí Dufour jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Amẹ́ríkà ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà, àwọn Faransé sì wà lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ọmọ ogun Faransé tí wọ́n wà níbẹ̀ ń ráhùn pé kò sí wáìnì. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó ṣí àwòrán ayé wò, ó rí i pé ibi tí oòrùn ń gbà kọjá lórí Amẹ́ríkà kò yàtọ̀ sí ibi tí ó ń gbà kọjá lórí àwọn ilẹ̀ tí wáìnì dáadáa ti ń wá. Ó ní, èé ṣe tí kò fi ní hù níbẹ̀? Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó gbé e dàgbà. Ní 1796, nígbà tí ó di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Kò mọ̀ pé àwọn mìíràn ti bi ìbéèrè yìí ṣáájú òun, tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti dá wọn lóhùn. Ní 1619 ni wọ́n ti ṣe òfin ní Virginia pé kí olúkúlùkù baálé ilé gbin igi àjàrà mẹ́wàá lọ́dún. Wọ́n gbìn ín, ó kú. William Penn, ẹni tí ó dá Pennsylvania sílẹ̀, mú ẹ̀ka àjàrà wá láti òkè òkun ní 1683. Ó kú. Philip Mazzei, ọmọ Itálì, wá ní 1773 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Thomas Jefferson tí ó padà di Ààrẹ. Èyí náà kò kẹ́sẹ járí. Igi yóò hù ní ọdún kìíní, yóò rú ní ọdún kejì, nígbà tí ó bá fẹ́ so ni ewé rẹ̀ yóò pọ́n, tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà, tí èso tí ó bá sì yọ yóò dúdú tí yóò gbẹ bí ata gbígbẹ. Àwọn kan dá òtútù lẹ́bi, àwọn kan ní àgbẹ̀ ni ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ baà lè máa bá wa wo ohun tí Dufour kò lè rí. Kòkòrò kékeré kan wà nínú ilẹ̀ ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí, phylloxera ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Gbòǹgbò àjàrà ni ó máa ń mu. Àwọn àjàrà ìgbẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ti bá a gbé pẹ́, ara wọn ti gbà á. Èyí tí ó ti Yúróòpù wá kò mọ̀ ọ́n rí, kò ní ohun tí yóò fi bá a jà. Tí kòkòrò bá sì yọ ọ́ sílẹ̀, ebu wà fún ewé, jíjẹrà dúdú wà fún èso. Nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí Dufour gúnlẹ̀ ni ẹnì kan tó rí kòkòrò náà, tí ó sì mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá.

Dufour kò fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún méjì ni ó fi rìn kiri, ó ń wo gbogbo ibi tí wọ́n bá ní wọ́n ti gbin àjàrà rí. Ó dé Pennsylvania, ó gba odò Ohio lọ, ó dé Kaskaskia ní ilẹ̀ Illinois, nítorí ó gbọ́ pé àwọn àlùfáà Faransé ní ọgbà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ibi púpọ̀ tí ó dé, igbó ni ó bá. Díẹ̀ tí ó rí tí ó dúró wà lọ́wọ́ Faransé kan, Pierre Legaux, nítòsí Philadelphia. Ojú àgbẹ̀ rí gbogbo èyí, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò padà. Nínú wa níbí, àwọn kan yóò pè é ní orí kunkun. A kò ní bá wọn jà.

Ní 1798 ó wà ní Lexington ní Kentucky, ó pe àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọgbà àjàrà sílẹ̀. Wọ́n pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà 200, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 dọ́là, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là. Lọ́yà ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Henry Clay, tí orúkọ rẹ̀ padà kàn káàkiri Amẹ́ríkà nínú ìṣèlú, wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí, ẹ mọ èyí tí ó kù: àwọn tí wọ́n kọ orúkọ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n san owó lọ. Dufour kò dúró dè wọ́n. Wọ́n ra 633 éékà ilẹ̀ létí odò Kentucky, ó sì gba Philadelphia lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1799, ó ra 10,000 igi àjàrà lọ́wọ́ Legaux ní 388 dọ́là. Oríṣi 35 ni ó wà nínú wọn. Ó kó wọn la òkè àti odò kọjá padà sí Kentucky, ó sì gbìn wọ́n. Ó sọ ibẹ̀ ní Ọgbà Kìíní.

Ọdún kìíní dára, ọdún kejì dára. Ilẹ̀ náà gbà á tó bẹ́ẹ̀ tí Dufour fi kọ̀wé sílé pé kí wọ́n máa bọ̀.

Ibi tí ó ń dùn wá nínú ìtàn yìí rèé. Kò tíì kórè. Èso kan kò tíì dé ẹnu. Ṣùgbọ́n ewé tutù yọ̀yọ̀, ó sì ránṣẹ́ sílé. Àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin àti àwọn aládùúgbò wọn, ènìyàn 17 lápapọ̀, ta ohun tí wọ́n ní, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní 1801. Ìgbà tí wọ́n dé gan-an ni àìsàn wọ inú ọgbà. Ẹ fojú inú wò ó bí ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, tí ó ń fi ewé tí ó ti ń pọ́n han àwọn àbúrò tí wọ́n tìtorí lẹ́tà rẹ̀ kúrò nílé bàbá wọn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àwa náà ti kọ ọ́ rí láti ìhín, a sì ti gbà á.

Nínú oríṣi 35, méjì péré ni kò kú. Legaux pe ọ̀kan ní Madeira. Ó pe èkejì ní Cape, ó ní láti ṣóńṣó ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú un wá. Lára àwọn méjèèjì ni ìdílé Dufour ti ń gé ẹ̀ka gbìn títí ọgbà fi tún kún. Ní 1803 wọ́n mu wáìnì àkọ́kọ́ láti Ọgbà Kìíní. Ní 1805, àbúrò rẹ̀ Jean François di àgbá kékeré méjì sẹ́yìn ẹṣin, ó gbé e láti Kentucky lọ sí Washington, kí Ààrẹ Jefferson lè tọ́ ọ wò. Ọ̀nà nígbà náà kì í ṣe ọ̀nà ọ̀dà o.

Ṣáájú èyí ni wọ́n ti ń wá ilẹ̀ tí yóò jẹ́ tiwọn, nítorí Ọgbà Kìíní jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn onípìn-ín. Dufour kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ní bí wọ́n bá fún àwọn ní àwìn, àwọn yóò fi iṣẹ́ àjàrà kọ́ ilẹ̀ náà. Ní 1802 wọ́n ṣe òfin kan nítorí tirẹ̀ nìkan: ó lé ní 2,500 éékà létí odò Ohio ní ìhà Indiana, dọ́là méjì lórí éékà kan, ọdún méjìlá láti san án, láìsí èlé. Irú oore bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún àjèjì, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà rí. Àwọn Índíà Amẹ́ríkà ni. Ogun ni ó ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé tí ó gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ wọn ní 1795. Ohun kan tún wà: Kentucky tí wọ́n ti ń bọ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí òfin gba oko ẹrú, ṣùgbọ́n ní òdìkejì odò, òfin 1787 ti kọ̀ ọ́.

Wọ́n pe ibùdó tuntun náà ní New Switzerland. Nígbà tí wọ́n gé ìlú síbẹ̀ ní 1813, Vevay ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí òtútù líle sì pa Ọgbà Kìíní ní 1809, àwọn tí ó kù níbẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ bá àwọn ará wọn ní etí Ohio.

Ní Vevay ni igi náà ti mú ilẹ̀. Ní nǹkan bí 1806 tàbí 1807 ni wọ́n pọn wáìnì àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1810 ó di 2,400 gálọ́ọ̀nù. Ní 1820 ó tó 12,000. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e lọ sí ọjà Cincinnati àti àwọn ìlú mìíràn létí odò. Láti 1619 tí wọ́n ti ń fi òfin gbin àjàrà ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ibí yìí ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín títí ó fi di òwò tí ó bọ́ ìdílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ni ó ṣe é, kì í ṣe ọlọ́rọ̀ Virginia. Àjèjì tí ó jẹ gbèsè ilẹ̀ ni.

Dufour fúnra rẹ̀ kò sí nílé jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó padà sí Yúróòpù ní 1806 nítorí ọ̀rọ̀ owó. Ogun Napoleon gba gbogbo ilẹ̀ náà kan, bí ọdún mẹ́wàá ni ó sì fi wà lọ́hùn-ún kí ó tó tún fojú kan Amẹ́ríkà. Àwọn àbúrò ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ni ó wà nínú ìwé ìtàn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ àjàrà tí wọ́n ń pè ní Cape. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni Legaux wò kí ó tó sọ tirẹ̀? Igi yìí kò ti Áfíríkà wá rárá. Ní nǹkan bí 1740, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń ṣọ́ ọgbà fún ìdílé Penn, James Alexander, rí i nítòsí Philadelphia, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti gbin àwọn ẹ̀ka òkè òkun ti William Penn sí láyé àtijọ́. Orúkọ Alexander ni àwọn ẹlòmíràn fi ń pè é. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, ẹ̀yin ará Switzerland, àjàrà ìgbẹ́ lásán ni ẹ ń tà fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Dufour. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1826, The American Vine-Dresser's Guide, tí wọ́n tẹ̀ ní Cincinnati, ó fi ojú ewé gbèjà igi rẹ̀, pé kì í ṣe ọmọ ìgbẹ́, pé láti òkè òkun ni. A yé e. Ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ pé ohun tí a mú láti ilé yóò hù níbí, báwo ni yóò ṣe gbà lọ́jọ́ ogbó pé èyí tí ó hù kì í ṣe tilé? Nínú gbogbo ohun tí ó kó la òkun àti òkè kọjá, ọmọ ilẹ̀ náà nìkan ni ó bọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Àwọn onímọ̀ òde òní tí wọ́n yẹ igi náà wò ní ọmọ àdàlù ni. Àjàrà ìgbẹ́ Amẹ́ríkà àti àjàrà òkè òkun ni ó pàdé, bóyá láti inú ọgbà Penn tí ó ti kú yẹn, tí wọ́n sì bí i láìsí ẹni tí ó gbìn ín. Ọmọ ilẹ̀ ni ó fún un ní ara líle, àlejò fún un ní òdòdó tí ó lè so fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń fi Dufour ṣe ẹlẹ́yà jàre ní apá kan, Dufour sì jàre ní apá kan, kò sí èyí tí ó mọ̀.

Dufour kú ní Vevay ní February 1827. Ọgbà náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àjàrà Alexander pàápàá kò lè dúró gbogbo ọ̀rinrin Indiana, èso rẹ̀ ń jẹrà lórí igi. Adùn rẹ̀ kò tó ti òkè òkun, àwọn arìnrìn-àjò sì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wisikí àgbàdo pọ̀ lọ́jà, ó sì rọ̀ jù ú lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ rí i pé ẹni tí ó gbin àgbàdo ń sùn dáadáa ju ẹni tí ó gbin àjàrà lọ. Nígbà tí ó fi di 1835, iye tí ó kù kò tó nǹkan. A ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé àwọn ọmọ náà ba iṣẹ́ bàbá jẹ́. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Gbèsè ilẹ̀ kì í gbọ́ àlàyé.

Ní Cincinnati, lókè odò náà, Nicholas Longworth fi àwọn ará Jámánì tí wọ́n ṣí wá ṣe oko àjàrà mìíràn tí òun náà jẹ́ ti Amẹ́ríkà, Catawba, ó sì lówó nínú rẹ̀ kí àìsàn tó kan tirẹ̀ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè California, ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, kòkòrò yẹn kò sì sí níbẹ̀ láti ìpilẹ̀. Àjàrà tí àwọn àlùfáà ilẹ̀ Sípéènì gbé wọ ibẹ̀ hù láìjà, Jean-Louis Vignes láti agbègbè Bordeaux sì wá sí Los Angeles ní 1831 láti fi ṣòwò. Ìtàn rẹ̀ gùn, a ó fi í sí ìpàdé mìíràn bí Alàgà bá gbà.

Ó ku apá kan. Láàárín 1860 sí 1870, kòkòrò phylloxera bá ẹ̀ka àjàrà Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ohun tí ó ṣe fún 10,000 igi Dufour ni ó ṣe fún gbogbo ilẹ̀ náà. Oko tí bàbá ńlá àwọn ènìyàn ti gbìn gbẹ láti òpin kan dé èkejì. Wọ́n da oògùn sílẹ̀, wọ́n da omi bo oko, ṣùgbọ́n èyí kò tó láti gba gbogbo oko là. Ohun tí ó gbà wọ́n ni pé wọ́n ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà fún àjàrà ìgbẹ́ tí ara rẹ̀ ti gba kòkòrò náà. Wọ́n gbin gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì lọ́ ẹ̀ka àjàrà tiwọn sórí rẹ̀, bí Pọ́ọ̀lù ti sọ nípa igi ólífì. Gbòǹgbò jẹ́ ti ilẹ̀ àjèjì, èso jẹ́ tiwọn.

Ní 1874 kòkòrò náà dé Switzerland. Nígbà tí ó yá, ó dé Vaud, ó gun òkè tí ó dagun sí adágún náà, níbi tí Dufour ti kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ náà ṣe bí Faransé ti ṣe. Àjàrà tí ó wà lórí òkè Vevey lónìí, tí àwọn àlejò ń sanwó láti lọ wò, gbòǹgbò Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù lọ nínú wọn dúró lé.

Alàgà, ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé rèé. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kí ó dìde.